Ṣé ká ka ìwé kẹrin nínú ọ̀wọ́ yìí?

Ẹ̀yin òǹkàwé Àkúrẹ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn o. Ìwé kẹta nínú ọ̀wọ́ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ etí òkun yẹn já wa kulẹ̀ pátápátá. Òǹkọ̀wé ní òkun kún ní aago 6 àárọ̀, ó tún kún lọ́sàn-án gangan. Orí èyí ló gbé ẹ̀rí tó tú àṣírí apànìyàn kà. Kò lè rí bẹ́ẹ̀! Láàárín ìkún kan sí èkejì, ó tó wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25. Ará Ayétòrò, ìlú etí òkun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bàtà tútù tí wọ́n bá lẹ́nu ilẹ̀kùn ńkọ́? Wọn ò sọ ẹni tó ni ín títí ìwé fi parí. Apànìyàn fúnra rẹ̀, orí tó gbẹ̀yìn la ti kọ́kọ́ gbúròó rẹ̀. Ìwé méjì àkọ́kọ́ dùn gan-an o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka ìkẹrin, ṣé àmì ọ̀ràn ti ń hàn ṣáájú ìdajì ìwé?