Ṣé "sísá" ni ká pe ohun tí wọ́n ń ṣe sí àjàrà ní Valpolicella?

Ẹ̀yin olùfẹ́ èdè wa, mo kí yín.

Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìwé kan lórí ọtí wáìnì ilẹ̀ Ítálì dábàá "àjàrà sísá" fún ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní appassimento, ìyẹn fífi àjàrà tí a ti ká sílẹ̀ kí omi rẹ̀ dín kù kí a tó fún un, ọ̀pọ̀ nínú yín sì ti gbà á wọlé. Èmi kò fara mọ́ ọn, iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni mo sì fi gbe èrò mi lẹ́sẹ̀.

Lórí àwọn òkè Valpolicella, nítòsí ìlú Verona, kì í ṣe gbogbo àjàrà ni àgbẹ̀ ń fún ní kété tó bá ká a. Ó máa ń ṣa àwọn ṣírí irú àjàrà tí à ń pè ní Corvina àti Rondinella tí èso wọn kò fún mọ́ra jù sọ́tọ̀, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè gba àárín wọn kọjá. Á tò wọ́n ní ipele kan ṣoṣo sórí pẹpẹ tàbí sínú àpótí pẹlẹbẹ, wọ́n á sì wà bẹ́ẹ̀ lókè àjà fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí ojú ọjọ́ bá gbẹ, wọn a ṣí fèrèsé sílẹ̀. Bí kùrukùru bá bolẹ̀, wọn a tì í, nítorí èso kan ṣoṣo tó bá bu lè kó bá gbogbo ṣírí. Nígbà tí èso náà bá fi máa kúrò níbẹ̀, ó ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, awọ rẹ̀ ti hunjọ, omi inú rẹ̀ sì ti ki, ó dùn. Oòrùn kò dá sí i rárá.

Kì í ṣe àṣà àná. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà, Cassiodorus, ìjòyè àwọn ọba Gọ́ọ̀tù tó ń ṣàkóso Ítálì nígbà náà, kọ lẹ́tà lórí acinaticum, wáìnì agbègbè Verona, ó sì ṣàlàyé pé inú ilé ni wọ́n ń so àjàrà rẹ̀ rọ̀ sí.

Bí Yorùbá bá ní òun sá nǹkan, oòrùn ni ọkàn olùgbọ́ ń lọ bá: kòkó, èlùbọ́, aṣọ. Ọ̀rọ̀ náà bá Pantelleria mu rẹ́gí, erékùṣù tó wà láàárín Sicily àti Tùnísíà, níbi tí wọ́n ti ń tẹ́ àjàrà Zibibbo sóòrùn gan-an kí wọ́n tó fi ṣe passito, wáìnì dídùn wọn. Ẹ jẹ́ ká fi "sísá" sílẹ̀ fún wọn. "Gbígbẹ" tí ẹlòmíràn dábàá le jù, torí ohun tó bá ti gbẹ kò ní omi tí a lè fún mọ́.

Ìtumọ̀ appassire, ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ti mú appassimento, gan-an ni pé kí nǹkan rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Sáàmù kìíní ti lò ó fún ewé igi. Ọkàn mi kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn nìkan ló ya "rírẹ̀" sọ́tọ̀ sí "rírẹ", ìyẹn fífi nǹkan sínú omi, ọ̀pọ̀ òǹtẹ̀wé kì í sì í fi àmì sí i. Ìtumọ̀ á wá dorí kodò. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "àjàrà àmúhunjọ".

Ẹ ó rí àǹfààní rẹ̀ bí ẹ bá dé orí Amarone àti Recioto, wáìnì Valpolicella méjì. Àjàrà àmúhunjọ kan náà ni wọ́n fi ń ṣe méjèèjì: a dá Recioto dúró kí ìwúkàrà tó jẹ ṣúgà rẹ̀ tán, ó dùn, a jẹ́ kó jẹ ti Amarone títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọtí inú rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a bá fún Amarone, tí wọ́n ń da wáìnì mìíràn lé lórí láti fi ṣe wáìnì tí à ń pè ní Ripasso, a ti ní "eèrí" fún un.

Bí àgbà kan láti Èkìtì, Ìjẹ̀bú tàbí Kétu bá mọ ọ̀rọ̀-ìṣe kan fún fífi afẹ́fẹ́ nìkan mú nǹkan gbẹ lábẹ́ òrùlé, kó jọ̀wọ́ kọ ọ́ síbí, n ó sì fi tayọ̀tayọ̀ yọ̀ǹda "àmúhunjọ" fún un.