Àtìlẹ́yìn kẹ̀? Ta ló ń ti fóònù lẹ́yìn?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjíròrò lórí orúkọ Yorùbá tí a ó máa pe nǹkan inú fóònù àti rédíò.

Mo ti búra pé n kò ní dá sí èyí. Ìgbà tí mo dá sí ọ̀rọ̀ «ayélujára» lọ́jọ́sí, a jà lórí «jára» títí, àwọn kan ò kí mi mọ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka lẹ́tà ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Ìbarà, pé kí gbogbo wa fẹnu kò sórí «àtìlẹ́yìn» fún ohun tí àwọn ọmọ ń pè ní bákọ́ọ̀pù, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti àwòrán inú fóònù tí a tún dà kọ nítorí ọjọ́ tí fóònù bá kú, ẹ̀bà há mi lọ́fun. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ò lọ.

Kí ni ẹ̀yìn ń wá níbẹ̀? Òyìnbó ló fi ẹ̀yìn («back») sínú tirẹ̀ («backup»), àwa náà bá ń wá ẹ̀yìn kiri. Ẹni tó fẹ̀yìn tì bíi tèmi, lẹ́yìn ọdún 31 tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá, mọ ohun tí ẹ̀yìn wúlò fún. Tì ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú àtìlẹ́yìn. A máa ń ti ọmọ lẹ́yìn, a máa ń ti olóṣèlú lẹ́yìn, a máa ń fi igi ti ògiri tó fẹ́ wó. Ẹni tó ń tì àti ẹni tí wọ́n ń tì jọ wà lórí ìdúró ni, agbára ọ̀kan ń wọnú ti èkejì. Bákọ́ọ̀pù ò ti nǹkan kan. Bí fóònù bá ń ṣiṣẹ́, oorun lòun ń sùn. Ọjọ́ tí fóònù bá kú ló tó jí. Ohun tó ń dìde lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn kú, ṣé àtìlẹ́yìn nìyẹn? Àrólé ló fi jọ. (Ẹ má gbé «àrólé» sá lọ o, mi ò tíì dábàá rẹ̀.)

Ó kan àbúrò wa tó kọ́ ìmọ̀ èdè ní yunifásítì. Ó ti rán wa létí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, a ti gbọ́. Ó ní «akópamọ́». Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kì í ṣe àṣìtẹ̀. Àbúrò mi, a- olóhùn àárín lo fi síwájú ọ̀rọ̀ yẹn. A- yẹn, olùṣe ló máa ń bí: apẹja, akọrin, adájọ́. Ẹ̀rọ náà ń jẹ ẹ́ bí ẹ̀rọ bá ń ṣe bí èèyàn: amóhùnmáwòrán, ayárabíàṣá. Ta wá ni akópamọ́? Ẹni tó kó nǹkan, tó lọ fi í pamọ́ ni. Ọlọ́pàá ló máa ń wá irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun tí a kó lo ní lọ́kàn, à- olóhùn ìsàlẹ̀ ni: àkójọ, àdàkọ, àṣàyàn. Bó bá jẹ́ kíkó tí a ń kó o, fi ì- síwájú rẹ̀. Ohùn kan péré ló ya olè sọ́tọ̀ kúrò lára ẹrù.

Bí o bá sì tún ohùn rẹ̀ ṣe, «pamọ́» ṣì ń gún mi lójú. Ohun tí a kó pamọ́ ṣì jẹ́ ẹyọ kan. Ibi tó wà nìkan ló yí padà. Fóònù ìyàwó mi ló là mí lójú. WhatsApp orí Android máa ń da ọ̀rọ̀ téèyàn bá bá èèyàn sọ kọ lóròòru, ní aago 2, ṣùgbọ́n inú fóònù yẹn náà ló ń kó o sí, àyàfi bí a bá ní kó máa gbé e lọ sí Google Drive. Ìyàwó mi ò mọ èyí. Ó tún da àwòrán ìsìnkú ìyá rẹ̀ kọ sórí mẹ́mórì káàdì, káàdì wà nínú fóònù, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ wẹ́sẹ́. Ọjọ́ kan ní gáréèjì Kútọ̀, bí ó ṣe ń wọ mọ́tò, ọwọ́ kan wọ inú báàgì rẹ̀. Fóònù lọ. Káàdì bá a lọ. Àdàkọ aago 2 òru bá a lọ. Gbogbo rẹ̀ pátá ló wà ní ìpamọ́ báyìí, lọ́dọ̀ olè. Akópamọ́ gidi nìyẹn.

Nítorí náà ọ̀rọ̀ tí a ń wá gbọ́dọ̀ ru nǹkan méjì: kí ó jẹ́ èkejì, kí ó sì wà níbòmíràn. Mo kọ́kọ́ rò ó pé «ẹ̀dà» ti tó. (Ẹ̀dà o, ọmọ kan nínú wa ń kọ ọ́ ní «ẹ̀dá», ó fẹ́ máa dá ènìyàn sórí fóònù.) Ẹ̀dà ru ti àkọ́kọ́, kò ru ti ìkejì: àdàkọ aago 2 yẹn, ẹ̀dà ni, ó sì bá fóònù lọ.

Ìgbà náà ni mo wá rántí oko bàbá mi lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá. Nígbà tí iṣu bá ta, tí a bá ń wa á, bàbá mi kì í jẹ́ kí á kó gbogbo rẹ̀ wálé. Á ya àwọn tí yóò gbìn sọ́tọ̀, á tò wọ́n sábẹ́ igi kan lókèèrè, á fi imọ̀ ọ̀pẹ bò wọ́n. Bí ebi ṣe lè pa wá tó, a ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Èèbù ló ń pè é. Iṣu ni, irú kan náà pẹ̀lú èyí tí à ń fi gún iyán, ṣùgbọ́n ibi tó wà yàtọ̀, ọjọ́ rẹ̀ sì yàtọ̀. Èyí tó wà nílé lè rà, ewúrẹ́ lè wọlé tọ̀ ọ́, àlejò lè pọ̀ lọ́jọ́ ọdún. Òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, èèbù á hù. Èèbù ni mo ní kí á máa pe bákọ́ọ̀pù. Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo «ìmúpadàbọ̀sípò» tí ẹ kọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà yín, fún kíkó bákọ́ọ̀pù padà sórí fóònù: sílébù méje! Hù, sílébù kan. «Fóònù tuntun náà ti hù.» Ta ni kò ní gbọ́ ọ?

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Èmi fúnra mi ti jìyà rẹ̀. Fóònù tèmi, 2016 ni mo rà á, Android 6 ló ń lò. Lóṣù tó kọjá bátìrì rẹ̀ wú, ó wú débi pé ó ṣí ìdérí ẹ̀yìn. (Ẹ̀yìn kan ṣoṣo tó bá ọ̀rọ̀ yìí tan nìyẹn.) Bátìrì tó bá wú kì í ṣe ohun tí à ń fọwọ́ tẹ̀ kó lè wọlé padà, iná ló wà nínú rẹ̀. Mo pa fóònù, mo ní kí ọmọ ọmọ mi gbé e lọ fún ọmọkùnrin tó ń bá mi tún un ṣe ní Pánṣẹ́kẹ́, mo sì fi fóònù ìyàwó mi kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i. Mi ò lè fi àmì ohùn sí i lórí fóònù kékeré yẹn, lójú mi ohun tí mo kọ ṣe kedere: «Ba mi mu eebu foonu yen ki o to tu u.» Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ó pè mí. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. «Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló bú yín? Èmi ò sọ nǹkan kan o.»

Kò gbọ́ èèbù rí láyé rẹ̀. Èébú ló mọ̀. Mo ṣàlàyé iṣu fún un. Ó ní, «Háà, bákọ́ọ̀pù lẹ ń sọ.»

Ẹ̀gbọ́n á fi èyí ṣe ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ mi ò dára. Èmi ní ọwọ́ ni kò dára, ọwọ́ tí kì í fi àmì sí i. Lóòótọ́, fóònù àtijọ́ náà ní ẹjọ́: ẹ àti ọ tó bá ní ohùn òkè tàbí ìsàlẹ̀ lórí, kò sí àmì kan ṣoṣo tó ru gbogbo rẹ̀, fóònù ló gbọ́dọ̀ gbé ohùn ka orí lẹ́tà, tèmi sì máa ń gbé e ka orí aládùúgbò. Ṣùgbọ́n ìdí wo ni kí á fi sọ èdè di bọ̀rọ̀kìnní tí ń sá fún òjò?

Ní ti «rédíò aṣàn» tí ẹnì kan láti Aké dábàá fún rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. A- yẹn tún rèé. Odò Ògùn ló ń ṣàn. Èyí tí mo mọ̀ pé ó ń ṣàn nínú rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ni dátà mi: bí ibùdó bá ń gbé ohùn jáde ní kílóbíìtì 64 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wákàtí kan yóò gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 29. Rédíò FM tó wà nínú fóònù kì í jẹ dátà, wáyà ìgbọ́rọ̀ ló fi ń ṣe eriali, ihò wáyà tèmi ló ti bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n sì fi bátìrì tuntun sí i, fóònù ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1970 la wà, rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ̀, kò sọ̀rọ̀ rárá. Mo ti fẹ́ ra tuntun. Ọjọ́ ni mo kàn tún ṣe, ó sì fọhùn: ìwé ẹ̀rí tí ibùdó fi ń fi ara rẹ̀ hàn ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, lójú fóònù tó wà ní 1970 ọjọ́ náà ò tíì pé.

Ẹni wa tó wà ní Amẹ́ríkà ní kí á pa «asọ̀rọ̀mágbèsì» tì, pé rédíò ti ń gbèsì nísinsìnyí, èèyàn ń fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Àpótí redifúṣọ̀n, rédíò tó ń gba inú wáyà wọlé, wà lára ògiri nílé bàbá àgbà mi, bọ́tìnnì kan péré ló ní, bàbá á máa bá a jiyàn láti àárọ̀, kò dá a lóhùn rí. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ wo ohun tó ń ṣe, wọn ò wo ohun tí Òyìnbó pè é. Ohùn mẹ́ta lèmi náà ti fi ránṣẹ́ sí ètò kan, wọn ò gbé ọ̀kankan sí i. Orúkọ náà ṣì rọ̀ mọ́ ọn.

Ẹni tó sì ní «ìròhìn» pẹ̀lú h jẹ́ àṣìkọ, Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròhìn ní 1859, h ló wà níbẹ̀. Kó lọ bá wọn jà.

Orí fóònù ọ̀hún ni mo ti ń tẹ gbogbo èyí. Bí ẹ bá rí àmì ohùn tó já bọ́ níbì kan, ẹ bá mi gbé e padà sórí, pàápàá níbi tí mo bá ti kọ èèbù.