Ilé kọfí mẹ́rin lọ́jọ́ kan: báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi fi odindi Sátidé wọ ilé kọfí mẹ́rin. Kọfí Etiópíà tí a kọ́kọ́ mu ń ta sánsán bí òdòdó. Mi ò mọ̀ pé kọfí lè rí bẹ́ẹ̀! Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi dé ìkẹta, àyà mi ń lù kì-kì-kì, ahọ́n mi ò sì mọ̀ ju ìkorò lọ mọ́. A ṣì fẹ́ tún un ṣe. Kí ni ká ṣe?

Èsì 1: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ra ife kan ṣoṣo, kí ẹ jọ pín in. Kaféènì, èròjà inú kọfí tó ń mú àyà lù kì-kì-kì, kò yẹ kó ju 400 mílígíráàmù lọ lójúmọ́ fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá. Ife ńlá mẹ́rin lè dé ibẹ̀. Oríṣi kọfí méjì ló wọ́pọ̀, Arabica àti Robusta. Ẹ sì béèrè bóyá Robusta ni. Kaféènì inú rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti Arabica.

Èsì 2: Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó jáde. Omi ni kẹ́ ẹ fi máa ṣan ẹnu.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an ni. Pínpín yẹn ò tiẹ̀ wá sí wa lọ́kàn. Mo ti pe ọ̀rẹ́ mi, ó ní Sátidé tó ń bọ̀ ni.