Ẹ jọ̀ọ́, epo wo ni kí n fi pa ìkòkò irin tí mo fi ń ṣe kéèkì? Ojú tì mí lọ́jọ́ Sátidé

Ìyá Àlíyà, Òkèfìà
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ má bínú. Láti ọjọ́ Sátidé ni mi ò ti sùn dáadáa. Ará àdúgbò wa kan gbé iṣẹ́ kéèkì ìsọmọlórúkọ fún mi, ó sì ti san owó pé. Aago mẹ́ta òru ni mo jí. Iná ò sí, ọwọ́ ni mo fi lu bọ́tà àti ṣúgà títí èjìká fi ń ro mí. Mo dà á sínú ìkòkò irin mi, mo gbé e kaná. Nígbà tó jinná, mo dojú ìkòkò délẹ̀, òkè kéèkì nìkan ló jáde. Ìsàlẹ̀ lẹ̀ pinpin bí ẹyẹ tó bà sórí àtè.

Ìyá ọmọ náà ò pariwo lé mi lórí, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó kàn wo àwókù kéèkì nínú páálí, ó ní, "Kò burú, ẹ má ṣe wàhálà." Ìyá ọkọ mi tó wà lọ́dọ̀ wa ti wá ń sọ ọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́ pé ṣé òun ò ti ní kí n lọ máa ta gàárì.

Obìnrin tó ń ta òróró fún mi ní ọjà Ìgbọ̀nà ni mo fura sí. Òróró tó tà fún mi kẹ́yìn ṣàn bí omi. Ẹnìkan ní kí n fi epo pupa pa ìkòkò náà, ẹlòmíràn ní òróró sóyà, fídíò kan tí mo wò ní òróró èso flax ló dáa jù, owó rẹ̀ sì ju agbára mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n rà?

Ìyá Alákàrà, Jálèyemí
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Epo pupa ni o. Agbada tí mo fi ń dín àkàrà, ìyá mi ló fi sílẹ̀ fún mi. Epo pupa la fi ń pa á láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, àkàrà kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé ilé ọkọ, àwọn kan fẹ́ yá a lọ sí ibi òkú, mo ní rárá, wọ́n sì bínú sí mi fún odindi oṣù kan. Agbada kì í ṣe ohun à ń yá.

Bùkọ́lá, Ògo-Olúwa
Ẹ kú iṣẹ́ Mà. Ṣùgbọ́n kéèkì ni ti Ìyá Àlíyà. Ta ló fẹ́ kéèkì tó ń rùn bí ìkòkò epo? Èmi ò lo ìkòkò irin rí, páànù pẹlẹbẹ ni tèmi. Tẹ́ bébà sídìí rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Alhaja Oníkéèkì, Ayétòrò
Ìyá Àlíyà, mo fẹ́ bá ọ wí díẹ̀, má bínú. O gba owó ènìyàn, ìkòkò tí o kò tíì dán wò lo gbé kaná lọ́jọ́ iṣẹ́. Kéèkì kékeré kan ni o ì bá kọ́kọ́ fi dán an wò. Má sì di ẹ̀bi ru olóròóró bí o kò bá ní ẹ̀rí.

Tíṣà Kẹ́mísìrì
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, nítorí nǹkan méjì la pò pọ̀ mọ́ ara wọn níbí: epo tí a ń sun mọ́ irin lára, àti ọ̀rá tí a ń pò mọ́ ìyẹ̀fun.

Èyí tí a ń sun mọ́ irin, a ò fẹ́ kó wà bí epo mọ́. A fẹ́ kó gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn nínú iná, kó so kọ́ra, kó di awọ tín-ín-rín tó le bí ọ̀dà tó gbẹ. Epo tó máa ń ṣàn nínú òtútù ló ń tètè ṣe bẹ́ẹ̀. Òróró sóyà dáa gan-an fún un, ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tó jẹ́ irú ọ̀rá tó ń so kọ́ra. Òróró ẹ̀pà náà ṣeé lò, bó tilẹ̀ lọ́ra díẹ̀. Àdín àgbọn ò dáa fún un, nǹkan bí 90 nínú 100 rẹ̀ ló jẹ́ irú ọ̀rá tó máa ń dì, irú ìyẹn kì í fẹ́ yí padà. Epo pupa wà láàárín, bí ìdajì rẹ̀ ló jẹ́ ti dídì. Ti òróró flax, òótọ́ ni pé ó máa ń le, ṣùgbọ́n ó máa ń bó bí èèpo. Ẹ má náwó lé e.

Ìyá Alákàrà ò purọ́ o. Iná igi lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ló sọ agbada yẹn di bó ṣe rí. Ìyá Àlíyà, kí lẹ fi pa ìkòkò náà gan-an? Báwo ló ṣe nípọn tó? Báwo ni iná ṣe pọ̀ tó? Irú ìkòkò wo ni?

Ìyá Àlíyà, Òkèfìà
Ẹ ṣé, Tíṣà. Alhaja, mi ò di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni o, ohun tí mo fojú rí ni mo sọ. Kò sí àwíjàre fún ẹni tó bá ta òróró àbùlà. Bọ́tà ni mo fi pa á, èyí tí a ń fi ra búrẹ́dì, ó wà nílé tẹ́lẹ̀. Mo fi ṣíbí pa á, ó nípọn dáadáa, kó má baà lẹ̀ ni. Mo gbé e sórí gáàsì fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Alhaja Oníkéèkì, Ayétòrò
Bọ́tà! Kí wá ló kan olóròóró ní Ìgbọ̀nà?

Tíṣà Kẹ́mísìrì
Ẹ ṣé tí ẹ sọ òtítọ́. Bọ́tà àtàtà fún kéèkì, nǹkan bí 80 nínú 100 rẹ̀ ni ọ̀rá, omi àti iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú ìyókù. Irú èyí tí à ń fi ra búrẹ́dì, àwọn mìíràn wà tí omi wọn tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi á máa ta pàrà lórí iná, àwọn nǹkan mìíràn inú bọ́tà á jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Epo tó bá sì nípọn, òkè rẹ̀ nìkan ló máa ń yí padà, abẹ́ rẹ̀ á máa fà bí oje igi. Ẹ̀ ń pa á, ẹ tún ń nù ún kúrò bí ẹni pé àṣìṣe ni ẹ fi pa á. Èyí tó bá ṣẹ́kù lára irin ló tó.

Ẹ̀gbọ́n Ṣadé
Àwọn òyìnbó máa ń lo ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ fún irin. Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, òun nìkan ló ń lò, ìkòkò rẹ̀ ń dán bí dígí.

Alhaja Oníkéèkì, Ayétòrò
Ṣadé, orúkọ Àlíyà kò sọ nǹkan kan fún ọ? Kéèkì ìsọmọlórúkọ àwọn Mùsùlùmí lo fẹ́ kó fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Ṣadé
Ẹ má bínú, Alhaja. Ọ̀rọ̀ irin ni mo ń sọ, mi ò ronú débẹ̀. Mo tọrọ àforíjì.

Bàbá Wẹ́dà, Òkè-Báálẹ̀
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè. Ìyá Àlíyà ò tíì dáhùn ìbéèrè Tíṣà tó gbẹ̀yìn. Irú ìkòkò wo ni? Ibo lẹ ti rà á? Ṣé ó wúwo? Bí ẹ bá fi aṣọ funfun nù ún, àwọ̀ wo ló ń yọ?

Ìyá Àlíyà, Òkèfìà
Ìkòkò irin ni, Bàbá. Ọjà Ọba ni mo ti rà á, ẹni tó tà á ló pè é ní ìkòkò irin, gbogbo ayé náà ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Kò wúwo púpọ̀, Àlíyà máa ń dá gbé e, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ó ń yọ eérú-eérú lára aṣọ.

Bàbá Wẹ́dà, Òkè-Báálẹ̀
Ẹ wá òòfà. Bí ẹ bá ní sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, mágínẹ́ẹ̀tì kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi kan ìkòkò náà lára, kẹ́ ẹ sọ ohun tí ẹ rí.

Ìyá Àlíyà, Òkèfìà
Mo tú sípíkà bàbá Àlíyà. Mo fi kan ìdí ìkòkò, ó já bọ́. Mo fi kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó já bọ́. Mo fi kan ẹsẹ̀ àdògán, ó so mọ́ ọn tó fi jẹ́ pé ọwọ́ méjèèjì ni mo fi fà á kúrò. Kí lèyí túmọ̀ sí?

Bàbá Wẹ́dà, Òkè-Báálẹ̀
Kì í ṣe irin, ìyàwó mi àtàtà. Alumíníọ̀mù ni. Àwọn tó ń dà wọ́n máa ń yọ́ alumíníọ̀mù àlòkù, ara ẹ́ńjìnnì, ojú fèrèsé, wọ́n á dà á sínú yanrìn. Orúkọ ìkòkò irin kàn mọ́ ọn lórí ni. Àwọn ènìyàn ń fi ṣe kéèkì, ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ sun epo mọ́ ọn. Ẹ ha ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn kúrò, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á, ẹ bu ìyẹ̀fun wọ́n ọn, ẹ tẹ́ bébà sídìí rẹ̀ bí Bùkọ́lá ti wí.

Bùkọ́lá, Ògo-Olúwa
Mo ti sọ ọ́ láti àárọ̀.

Ìyá Àlíyà, Òkèfìà
Èmi tí mo ti ń bú olóròóró nínú ọkàn mi láti ọjọ́ márùn-ún. N óò lọ kí i lọ́la.

Ẹ gbọ́, ó ku ohun kan tí mi ò sọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Amẹ́ríkà fi páànù kan ránṣẹ́ sí mi ní bí ọdún méjì sẹ́yìn. Ó dúdú, ó wúwo bí ọlọ. Mo rò pé ẹyin nìkan ni wọ́n fi ń dín. Mo fi bo dúrọ́ọ̀mù omi kí ológbò má baà ṣí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òòfà kàn án báyìí ni, ó gbá a mú gbà. Ṣùgbọ́n ó ti dógùn-ún, ó pọ́n bí ilẹ̀.

Tíṣà Kẹ́mísìrì
Irin gidi lẹ fi bo omi! Kò tíì bàjẹ́. Ẹ fi kànìnkànìn onírin àti ọṣẹ fọ ìdógùn-ún náà títí ojú irin á fi yọ. Ẹ gbé e sórí iná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kó gbẹ, ẹ má fi sílẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Òróró sóyà ẹ̀kán méjì péré, ẹ fi aṣọ pa á níwájú, lẹ́yìn àti lára ọwọ́ rẹ̀, ẹ wá nù ún kúrò. Bí ẹ bá rí ibi tí ẹ ti ń yá a ní ófùn, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ sínú rẹ̀ ní bí 230 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì fún wákàtí kan, kó tutù síbẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ kọ́kọ́ fi dín dòdò, ẹ má tíì se ọbẹ̀ tòmátì nínú rẹ̀, kíkan tòmátì á jẹ awọ náà kúrò.

Alhaja Oníkéèkì, Ayétòrò
Ti inú kéèkì wá ńkọ́? Bọ́tà ni kí o máa lù mọ́ ṣúgà, òun ló ń di afẹ́fẹ́ mú tí kéèkì fi ń wú. Bí bọ́tà bá wọ́n jù, lo òróró tí kò lóòórùn, kéèkì rẹ̀ kì í gbẹ bí ó bá di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n má fi òróró rọ́pò ní gíráàmù kan náà o. Bí ìwé bá ní 250 bọ́tà, 200 òróró ti tó, omi ló wà nínú ìyókù. Fi mílíkì díẹ̀ dí àyè omi náà.

Ìyá Alákàrà, Jálèyemí
Èmi ṣì ń sọ pé epo pupa ni.

Ìyá Àlíyà, Òkèfìà
Ẹ ṣé, Mà. Mo ti fọ páànù náà. Ìyá ọkọ mi ló bá mi di í mú nígbà tí mo ń ha á, kò mẹ́nu kan gàárì. Oníbúrẹ́dì ìsàlẹ̀ àdúgbò wa gbà kí n gbé e sínú ófùn òun lẹ́yìn tí wọ́n bá kó búrẹ́dì kúrò. Mo ti pe ìyá ọmọ náà, mo ní ọjọ́ ogójì ọmọ, èmi ni n óò ṣe kéèkì, ọ̀fẹ́ ni. Ó ní kí n fi èso àjàrà gbígbẹ sí i.