Kí ni kí n fi dí ihò ara igi ọ̀gànwó kí n tó kun gìtá?

Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, mo kí yín o. Igi ọ̀gànwó ni mo fi ń ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ gìtá, igi òyìnbó tí wọ́n ń pè ní spruce sì ni mo fi ń ṣe iwájú rẹ̀. Spruce kò yọ mí lẹ́nu, nítorí pé ara rẹ̀ dì. Ọ̀gànwó ló ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ ha á. Bí a bá kun lákà (ọ̀dà dídán tí a ń rí ara igi láti inú rẹ̀) lé e láìdí àwọn ihò náà tán, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ máa dán, ṣùgbọ́n bí tínà inú lákà bá ti ń gbẹ lọ, lákà á rì, ihò á sì tún hàn.

Ọ̀nà méjì ni mo ń wò. Èkíní ni epoxy, ìyẹn gúlúù olómi méjì tí a ń pò pọ̀ kí ó lè le. Kì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì, ó sì ń jẹ́ kí àwọ̀ igi jinlẹ̀, ṣùgbọ́n bí sáńpépà bá fá a dé ara igi níbì kan tí ó sì ṣẹ́ kù níbòmíràn, àwọ̀ kò ní dọ́gba mọ́. Èkejì ni ìyẹ̀fun òkúta pumice pẹ̀lú shellac (oje kòkòrò tí a fi ọtí spirit yọ́), tí a ń fi aṣọ rà mọ́ ara igi díẹ̀díẹ̀. Èyí ló wù mí jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń gba sùúrù.

Ẹ jọ̀ọ́, nínú ọ̀rinrin àsìkò òjò Ìbàdàn níbí, èwo nínú méjèèjì ni ẹ ti rí tí lákà kò rì lórí rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ epoxy ni, ṣé kí n fi shellac tí a ti yọ ìda inú rẹ̀ bò ó kí n tó fọ́n lákà, àbí kí n fọ́n ọn lé e tààrà? Ọjọ́ mélòó ni ẹ sì ń fi lákà náà sílẹ̀ kí ẹ tó fi nǹkan ra á kí ó dán?