Mi ò jagun pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, pílánẹ́ẹ̀tì mi kàn ń lọ bá aládùúgbò ni

ỌmọTákìé

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbá géèmù òfuurufú. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, láptọ́ọ̀pù tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ ni mò ń lò, kò lè gbé géèmù tuntun, ìyẹn ni mo ṣe wà lórí Galactic Civilizations II, èyí tó jáde ní 2006. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá dùn mí dọ́kàn. Látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kọ́ ọkọ̀ colony, èyí tó ń kó èèyàn lọ tẹ̀dó sí pílánẹ́ẹ̀tì tuntun, bí ọ̀kan bá ṣe ń jáde ni mò ń rán an lọ, mo gba pílánẹ́ẹ̀tì méje kí àwọn Altarian, ìjọba kan tí kọ̀ǹpútà ń darí, tó ní mẹ́rin, mo ní ó parí nìyẹn. Mẹ́ta nínú ẹ̀ jìnnà sílé, ọ̀dọ̀ àwọn Altarian ni wọ́n sún mọ́, ọ̀kan jẹ́ class 12, ilẹ̀ tó dáa. Nígbà tó yá mo rí i lórí máàpù pé àwọ̀ tiwọn ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí epo pupa bá dà sáṣọ, ó bo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò kà á sí. Àfi bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síwájú mi lójijì pé class 12 ti kúrò lọ́wọ́ mi, ó ti dara pọ̀ mọ́ Altarian! Ìbọn kan ò dún. Kò pẹ́ náà ni àwọn méjì tó kù tẹ̀ lé e. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe tí kò yẹ? Ṣé bí mo ṣe sáré kó ilẹ̀ jọ yẹn ló burú ni?

Ará_Àkẹ̀sán

Pẹ̀lẹ́ àbúrò. Ilẹ̀ tó o kó jọ ò burú. Èèyàn mélòó lo kó sínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan? Ó jọ pé díẹ̀ lo kó, kí owó orí tí ò ń gbà nílé má bàa já. Nínú géèmù yẹn, ara èèyàn ni àṣà ti ń jáde, òun ni àwọ̀ tó o rí lórí máàpù yẹn, pílánẹ́ẹ̀tì tí èrò ẹ̀ ò tó nǹkan, ohùn ẹ̀ ò ní dé ìta, tí ìlú ńlá ẹlòmíì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ti ìlú ńlá yẹn ló máa borí, àwọn ará ibẹ̀ á máa wo ọ̀hún títí ọkàn wọn á fi ṣí lọ. Nítorí náà èyí tó bá sún mọ́ ilé, o lè fi èèyàn díẹ̀ dá a sílẹ̀, wọ́n á bí sí i, ṣùgbọ́n èyí tó bá wà lẹ́nu ààlà ẹlòmíì, kún ọkọ̀ yẹn dáadáa kó tó gbéra, kó o sì kọ́ Embassy, ilé tó ń mú kí àṣà ẹ tàn, síbẹ̀ ní kùtùkùtù, má jẹ́ kó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan lo máa fi kún ilẹ̀ ibẹ̀.

Ìkejì ni starbase, ibùdó tí à ń kọ́ sójú òfuurufú, òun gan-an ni mo fẹ́ kó o dì mú. Rán constructor kan, ọkọ̀ tó ń kọ́ ibùdó, lọ sí ibi tó sún mọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, kó fi ara ẹ̀ di starbase, lẹ́yìn náà kó o rán òmíì àti òmíì, torí constructor kan, module kan (ẹ̀yà tí à ń so mọ́ starbase) ni, ó ń parẹ́ síbẹ̀ ni. Module àṣà ni kó o máa tò lé e. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ́ starbase kan ṣoṣo, wọn ò ní fi nǹkan kan sí i, wọ́n á wá ní kò ṣiṣẹ́. Tó o bá tò ó dáadáa, àwọ̀ tìẹ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sọ́dọ̀ wọn.

Ọmọ_Dùrbár

Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ dáa o, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó fa ọwọ́ sẹ́yìn níbẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, ìje ni, àwọn kọ̀ǹpútà náà ń sáré, tí ilẹ̀ bá ti tán ó ti tán nìyẹn, ogun tàbí àṣà lo fi lè gba òmíì. Ohun tó máa ń pa wá níbẹ̀ ni owó, colony tuntun ò tíì mú nǹkan kan wọlé, ó sì ń jẹun, gba méje lẹ́ẹ̀kan náà wàá rí i pé àpò ti ń jò. Ọkọ̀ survey tí wọ́n fún ẹ níbẹ̀rẹ̀, má jẹ́ kó sùn rárá, jẹ́ kó máa ṣa àwọn anomaly, ohun àjèjì tó fọ́n ká òfuurufú, kiri, owó wà nínú òmíì.

Stellaris ni mò ń gbá ní tèmi, ti 2016 yẹn, ọ̀rọ̀ ọ̀hún yàtọ̀, torí níbẹ̀ influence, agbára ìdarí tó ń wọlé lóṣooṣù, gan-an lo fi ń ra ilẹ̀. Outpost kan, ibùdó tó ń sọ ìràwọ̀ kan di tìẹ, 75 influence pẹ̀lú alloys, irin ìkọ́lé, ni, 3 péré sì ló ń wọlé lóṣù níbẹ̀rẹ̀, nítorí náà tí o ò bá ní ọ̀nà míì tó ń gbà wọlé, oṣù 25 lo máa fi dúró de ìràwọ̀ kan. Ìyẹn kọ́ mi láti máa yan oríta, ibi tí ọ̀nà gbogbo gbà kọjá, mo máa ń gba ibẹ̀ ṣáájú kí n tó padà wá mú èyí tó wà lẹ́yìn ẹ̀, torí aládùúgbò ò ní lè kọjá wá mú un.

Tíṣà_Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé, ọ̀rọ̀ yín mú mi rántí Ọ̀yọ́ Ilé. Ẹ̀ṣọ́ wà, ẹlẹ́ṣin wà, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlú tó wà lábẹ́ Aláàfin pọ̀ ju èyí tí wọ́n lè máa fi ẹṣin ṣọ́ lójoojúmọ́ lọ. Ajẹ́lẹ̀, aṣojú ọba, ni wọ́n ń fi síbẹ̀, ìlàrí, ìránṣẹ́ ọba, ń lọ ó ń bọ̀, ìjọsìn Ṣàngó bá wọn rìn, ọdún bẹẹrẹ tún ń mú àwọn ọba kéékèèké wá sílé. Ajẹ́lẹ̀ yẹn ni Embassy tí Ará_Àkẹ̀sán ń sọ. Ẹ tún wo ọ̀nà òkun tó gba Ẹ̀gbádò kọjá, wọn ò fi ojú ọ̀nà yẹn sílẹ̀ lófìfo, wọ́n ní ènìyàn lórí ẹ̀. ỌmọTákìé, ìlú mẹ́ta ló dá sílẹ̀ lókèèrè, àárín wọn àti ilé ṣófo, kò sẹ́ni tí yóò máa rán wọn létí ibi tí wọ́n ti wá. Starbase tí ẹ máa kọ́, ẹ má kó gbogbo ẹ̀ sẹ́nu ààlà, ẹ tò ó sójú ọ̀nà láti ilé lọ. Tí Ọ̀yọ́ Ilé tilẹ̀ tú, èdè Yorùbá tí à ń kọ lónìí, ti Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

ỌmọTákìé

Ẹ ṣeun gan-an, Tíṣà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi náà, ẹ ṣé. Mo padà sí save àtijọ́, ibi tí class 12 ti wà lọ́wọ́ mi. Mi ò lè yí iye èèyàn tó lọ padà mọ́ ṣùgbọ́n mo fi Embassy síwájú nínú ohun tí wọ́n ń kọ́, mo dá ọkọ̀ ogun dúró, constructor mẹ́rin ni mo kọ́, méjì fún starbase kan lójú ọ̀nà, méjì fún òmíì lẹ́nu ààlà. Owó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lóòótọ́, ọkọ̀ survey ló yọ mí. Nǹkan bí ogún tọ́ọ̀nù (turn, ìyípo géèmù) ni mo fi ń wo máàpù yẹn, àwọ̀ wọn ti wọ́ dé etí class 12, ó wá dúró síbẹ̀, lẹ́yìn náà mo rí àwọ̀ tèmi bí òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká. Ó ti ń fẹ̀ sí i báyìí. Pílánẹ́ẹ̀tì Altarian kékeré kan wà tó ti bọ́ sínú ẹ̀, ṣé kí n lọ gbà á pẹ̀lú sójà ni àbí kí n dúró?

Ará_Àkẹ̀sán

Dúró! Má rán sójà lọ, ogun ni wọ́n máa gbé wá bá starbase ẹ, kò sì tíì ní nǹkan tó lè fi gba ara ẹ̀ là. Fi module àṣà méjì sí i sí ti ẹnu ààlà, kó o máa ṣe iṣẹ́ míì lọ.

ỌmọTákìé

Mo ti gbọ́ sà. Constructor ìkíní ti gbéra. Iná ti lọ níbí, bátìrì ku 14%, mo ti save ẹ̀, ó di ọ̀la.