Ẹkùn aláìpín: kí la ó pe ẹkùn ìdìbò Montana tí kò sí mọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùfẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìtàn àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà béèrè ohun mẹ́ta: kí ni Yorùbá “at-large district”, kí la ó pe ẹkùn ìdìbò tí kò sí mọ́, ṣé “ìpín ẹkùn” nìkan sì tó fún gbogbo iṣẹ́ pínpín tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àbá tiwọn ni “ẹkùn gbogbogbòò” àti “ẹkùn àtijọ́”. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi sọ pé mi ò fara mọ́ méjèèjì. Montana ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ, ibẹ̀ náà ni n ó dúró sí.

Ìpínlẹ̀ tí èèyàn rẹ̀ kò pọ̀ tó láti ní ju aṣojú kan lọ ní Ilé Aṣojú-ṣòfin, ẹkùn kan ṣoṣo ni gbogbo ilẹ̀ rẹ̀. Bí Montana ṣe wà nìyẹn láti oṣù kọkànlá 1889 tó di ìpínlẹ̀ títí di 1913, tó tún rí bẹ́ẹ̀ láti 1993 sí 2023. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn kò sọ nípa títóbi ilẹ̀. (Ẹni tó bá ń túmọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ lè sọ aṣojú di ọ̀daràn tí ọwọ́ ọlọ́pàá kò tíì tẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ìyẹn.) Ohun tó ń sọ ni pé wọn kò la ilẹ̀ náà sí méjì.

“Gbogbogbòò” kò lè ru ẹrù yìí. Ẹni tó bá ka “ẹkùn ìdìbò gbogbogbòò” á rò pé ìdìbò gbogbogbòò là ń sọ. “Ẹkùn gbogbo ìpínlẹ̀” sàn díẹ̀, àmọ́ ọ̀fìn wà níbẹ̀ fún òǹkàwé láti Nàìjíríà. Sẹ́nétọ̀ mẹ́ta ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní lọ́dọ̀ wa, kálukú wọn ló ní ẹkùn tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, gbogbo ìpínlẹ̀ ni sẹ́nétọ̀ méjèèjì jọ ń ṣojú. Bí a bá wá pe Denny Rehberg (2001–2013) ní “aṣojú gbogbo ìpínlẹ̀ Montana”, ta ló máa mọ̀ bóyá sẹ́nétọ̀ ni tàbí aṣojú-ṣòfin? Steve Daines tó gbapò lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sí ilé àwọn sẹ́nétọ̀ ní 2015: ilẹ̀ kan náà, olùdìbò kan náà, ilé ọ̀tọ̀. Nítorí náà, “ẹkùn aláìpín” ni àbá tèmi.

Ẹnìkan lè ní: àwọn ọdún 1913 sí 1919 ńkọ́, nígbà tí Montana ti ní aṣojú méjì? Ó ṣì jẹ́ aláìpín. Ìkànìyàn 1910 ló mú ìkejì wá, ṣùgbọ́n ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kò tètè fa ààlà, òfin ìgbà náà sì gbà wọ́n láyè. Gbogbo ìpínlẹ̀ ló jọ ń yan àwọn méjèèjì: olùdìbò kọ̀ọ̀kan mú èèyàn méjì, àwọn méjì tí ìbò wọn pọ̀ jù sì wọlé. Tom Stout àti John M. Evans ló kọ́kọ́ wọlé báyìí. Orúkọ tó bá a mu ni “ẹkùn aláìpín aláṣojú méjì”. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má kọ “ẹkùn alága méjì” nítorí pé àga aṣojú méjì ló wà níbẹ̀, kí àwọn èèyàn má bàa rò pé alága ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ló ń jà síbẹ̀. Òfin 1967 ló wá fòpin sí irú rẹ̀: ìpínlẹ̀ tó bá ní ju aṣojú kan lọ gbọ́dọ̀ la ilẹ̀ rẹ̀, ẹkùn kan, aṣojú kan.

Ìbéèrè kẹta ló nípọn jù lójú mi. Iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìkànìyàn ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, wọ́n á pín àga 435 tó wà ní Ilé Aṣojú-ṣòfin fún ìpínlẹ̀ 50. Ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní “pínpín àga”. Lẹ́yìn náà, ìpínlẹ̀ tó gba ju ẹyọ kan lọ á fa ilà sórí ilẹ̀ rẹ̀; ìyẹn ni “fífa ààlà ẹkùn”. Bí a bá fi “ìpín ẹkùn” bo méjèèjì mọ́lẹ̀, a ò ní lè ṣàlàyé ohun tó bá Jeannette Rankin. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà. Òun àti Evans ni Montana jọ yàn ní 1916. Àga kankan kò lọ lọ́wọ́ Montana lẹ́yìn ìgbà náà, àga méjì ṣì ni. Ṣùgbọ́n wọ́n fa ààlà ní 1917, ibùgbé Rankin bọ́ sí ìwọ̀-oòrùn níbi tí ẹgbẹ́ Democrat ti rinlẹ̀, Republican sì lòun. Ó fi àga yẹn sílẹ̀, ó lọ du ipò sẹ́nétọ̀ ní 1918, kò sì wọlé. (Ẹkùn ìwọ̀-oòrùn yẹn kan náà ló gbé e padà ní 1940, òun nìkan ló sì kọ ogun pẹ̀lú Japan lọ́jọ́ 8 oṣù kejìlá 1941, ìbò 388 sí 1.) Ààlà ló ṣe ti 1918. Ní 1993, àga gan-an ló lọ.

Ẹ wo bó ṣe lọ. Èèyàn 803,655 ni ìkànìyàn 1990 kà fún Montana. Bí a bá pín iye èèyàn gbogbo ìpínlẹ̀ sọ́nà 435, ẹkùn kọ̀ọ̀kan á ní 572,466. Tí Montana bá gba àga kan, ó fi 231,189 ju ìyẹn lọ. Tó bá gba méjì, ẹkùn kọ̀ọ̀kan á ní bíi 401,828, ó fi 170,638 dín. Montana gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́: wọ́n ní ìyàtọ̀ tó kéré jù ló sún mọ́ ìdọ́gba, nítorí náà àga méjì ló tọ́. Ṣùgbọ́n òfin 1941 tí wọ́n fi ń pín àga kì í wo ìyọkúrò, ìlọ́po ló ń wò. 803,655 jẹ́ ìlọ́po 1.404 ti 572,466. 572,466 sì jẹ́ ìlọ́po 1.425 ti 401,828. Bí a bá wò ó báyìí, àga kan ló sún mọ́ ọn. Ní oṣù kẹta 1992, gbogbo adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fohùn ṣọ̀kan pé Ilé Aṣòfin lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ọ̀nà tó yàn. Ká ní Montana jàre ni, ìpínlẹ̀ Washington ni ì bá pàdánù àga kẹsàn-án tirẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí “ìpín dọ́gbadọ́gba” tí àwọn kan fi ń pe ọ̀nà ìṣirò yìí kò fi tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tí wọ́n jà lé lórí gan-an ni kí ni ìdọ́gba. “Ìpín oníwọ̀n” ni kí a wí. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan á kọ́kọ́ gba àga kan, ó ku 385. Láti mọ ẹni tí àga tó kàn tọ́ sí, ẹ fi iye àga tí ìpínlẹ̀ ní sọ iye tó ń wá di púpọ̀ (1 lọ́nà 2 jẹ́ 2), ẹ wá nọ́ńbà tí a fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tó fún wa ní 2, ìyẹn bíi 1.414, kí ẹ fi pín iye èèyàn; ìpínlẹ̀ tí èsì rẹ̀ bá pọ̀ jù ló ni àga tó kàn. Ti Montana ní 1990 jẹ́ 568,270, kò tó. Ní 2020, èèyàn 1,085,407 mú un di 767,499, àga kejì sì padà.

Ní ti “ẹkùn àtijọ́”, 2023 kì í ṣe àtijọ́ ẹnikẹ́ni. “Ẹkùn tí wọ́n tú ká” ni mo dábàá, bí wọ́n ṣe ń tú ilé aṣòfin ká. Kí a sì máa kọ ọdún mọ́ nọ́ńbà ẹkùn. Pat Williams ṣojú Ẹkùn Kìn-ín-ní (1979–1993), ó fìdí Ron Marlenee ti Ẹkùn Kejì rẹmi nígbà tí àga méjì di ọ̀kan, ó wá ṣojú ẹkùn aláìpín títí di 1997. Ryan Zinke bẹ̀rẹ̀ ní aláìpín (2015–2017), Ẹkùn Kìn-ín-ní (2023–) ló tún gbé e wọlé. Láìsí ọdún, òǹkàwé á rò pé ìjókòó kan náà ni Williams àti òun jókòó lé.

*

Ẹ ṣeun, àbúrò. Mo gba “aláìpín”, mo gba “pínpín àga”, mo sì fa “gbogbogbòò” mi padà. Ṣùgbọ́n “tú ká” kò lọ. Ohun tí wọn kò pín tẹ́lẹ̀, tí wọ́n wá pín sí méjì ní 2023, ta ló tú u ká? Ní 1993 pàápàá, wọ́n pa méjì pọ̀ ni. “Ẹkùn tó ti kásẹ̀ nílẹ̀” ni kí a lò, ó gba bó ṣe wù kó parí.

Ẹ sì tún gbàgbé àwọn tó ṣáájú. Láti 1864 ni Montana ti ń rán ènìyàn kan lọ sí Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, kó tó di ìpínlẹ̀. Ẹni náà lè sọ̀rọ̀ nínú Ilé Aṣojú-ṣòfin, kò lè dìbò níbẹ̀. Thomas H. Carter di ipò méjèèjì mú nínú ọdún 1889 kan náà: ó kọ́kọ́ jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ó di aṣojú-ṣòfin àkọ́kọ́. “Aṣojú aláìníbò” ni mo fẹ́ pe ti àkọ́kọ́.

*

Ẹ̀gbọ́n, mo gba “kásẹ̀ nílẹ̀”. “Aláìníbò” ló ń kọ mí lóminú. Ẹni tí kò rí ìbò kankan là ń pè bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Montana ló fi ìbò wọn yan Carter lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ṣé “aṣojú afetísílẹ̀” ò ní ṣe é? Rárá o, ó kúkú ń sọ̀rọ̀ nínú Ilé. Ẹ jẹ́ ká fi sí “aṣojú tí kì í dìbò” ná, títí tí ẹnìkan á fi rí èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀.